Orúkọ Wà Ní Derby, Ọwọ́ Wà Ní Crewe

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí iye owó méjì ti ń yí mi lọ́kàn: mílíọ̀nù 430 pọ́ùn àti mílíọ̀nù 40 pọ́ùn. Ọdún kan náà, 1998, ni wọ́n dórí owó méjèèjì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ méjì láti Jámánì ló san wọ́n. Volkswagen san ti àkọ́kọ́, BMW san ìkejì. Ohun kan náà ni aráyé sì rò pé àwọn méjèèjì ń lé: Rolls-Royce, ọkọ̀ tí àwọn tó ń ṣe é ti ń pè ní ọkọ̀ tó dára jù lọ láyé láti ìgbà tí àwọn bàbá ńlá wa kò tíì rí ọkọ̀ rí. Ẹni tó san 430 gba ilé iṣẹ́, ó gba àwọn òṣìṣẹ́, ó gba irinṣẹ́, ó sì gba ère obìnrin tó máa ń dúró ní imú ọkọ̀ náà bíi pé ó fẹ́ fò. Ẹni tó san 40 gba orúkọ.

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń dáhùn pé wọ́n rẹ́ Volkswagen jẹ. Èmi kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó sí i ni ó ń hàn sí mi pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó. Bí àwọn tó dá iṣẹ́ ọwọ́ kan sílẹ̀ bá ti kú, tí a wá ra iṣẹ́ náà, kí gan-an ni a rà?

Oṣù Keje ọdún 1998

Vickers, kọ́ńpánì Gẹ̀ẹ́sì kan, ló ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, tó wà ní ìlú Crewe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà yẹn; ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1980. Ní ìparí 1997 wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tà á. Ojú BMW ni gbogbo èèyàn ń wò, torí BMW ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ tuntun méjì tí Crewe ń múra láti gbé jáde, Silver Seraph ti Rolls-Royce àti Arnage ti Bentley, orúkọ kejì tí ilé iṣẹ́ náà ń fi sára ọkọ̀ rẹ̀. BMW fi mílíọ̀nù 340 lọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di àṣeparí kí Volkswagen tó gbé 430 kalẹ̀. Nígbà tí àwọn onípìn-ín Vickers pé jọ ní oṣù Kẹfà 1998, owó tó pọ̀ jù ni wọ́n dìbò fún.

Ferdinand Piëch ló ń darí Volkswagen. Ọmọ tí ọmọbìnrin Ferdinand Porsche bí ni, òun fúnra rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dénú. Ó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ mẹ̀kúnnù gba orúkọ, tó ṣe Beetle tí àwa níbí ń pè ní Ìjàpá, ní ọkọ̀ ọba pẹ̀lú. N kò rí àléébù nínú ìfẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n orúkọ Rolls-Royce kì í ṣe ti Vickers láti tà. Ti ilé iṣẹ́ mìíràn ni, Rolls-Royce plc tó wà ní Derby, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Ìyọ̀ǹda ni Crewe fi ń kọ ọ́ sára ọkọ̀. Àwọn ará Derby sì ti ń bá BMW ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú pọ̀ láti 1990. Ẹni tí wọ́n ti ń bá jẹun nínú àwo kan ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì fún BMW ní ẹ̀tọ́ orúkọ náà fún mílíọ̀nù 40.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nínú ìtàn yìí. Fún sáà kan, kò sí ẹnì kankan lórí ilẹ̀ ayé tó lè dá ṣe Rolls-Royce. BMW lè kan ọkọ̀, kó sì kọ Rolls-Royce sí i lára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé ère obìnrin náà lé e, kò sì gbọdọ̀ fún un ní ojú gàgàrà onígun mẹ́rin tó dà bí òpó iwájú tẹ́ńpìlì. Volkswagen lè ṣe ọkọ̀ tó ní ère, tó ní ojú, tí awọ àga rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n rán, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pè é ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. BMW tún di ọ̀nà ọ̀fun mú: òun ló ń fi ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí Crewe, ó sì ti jẹ́ kó yé wọn pé òun lè dáwọ́ dúró.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, wọ́n parí rẹ̀. Volkswagen yóò máa ṣe Rolls-Royce ní Crewe títí 2002 yóò fi parí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2003, BMW nìkan ni yóò máa ṣe é, níbi tó bá wù ú, tòun ti ère tòun ti ojú. Crewe àti orúkọ Bentley yóò kù sọ́wọ́ Volkswagen. Piëch sọ lẹ́yìn náà pé Bentley gan-an ni òun ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà á gbọ́. Ó ṣòro fún èmi náà láti gbà á gbọ́ tán, torí ẹni tí Bentley nìkan wù kì í gbé owó bẹ́ẹ̀ lé orí gbogbo ẹrù. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó: ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ti wà nínú ìwé àdéhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó na owó.

Adìẹ tó ba kọ́ńpánì jẹ́

Kí ló gbé orúkọ ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn tí kò ṣe ọkọ̀ mọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Títí di 1971, kọ́ńpánì kan ṣoṣo ni Rolls-Royce. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni aráyé mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé e. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló ti ń ṣe é. Nígbà tí Ogun Kejì dé, ẹ́ńjìnnì Merlin tiwọn ló wà nínú Spitfire àti Hurricane tó gba ojú òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́wọ́ Hitler. Ilé iṣẹ́ Crewe gan-an, Merlin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ ní 1938. Ẹ̀yìn ogun, ní 1946, ni iṣẹ́ ọkọ̀ tó kó lọ síbẹ̀ láti Derby.

Ní 1968, wọ́n bá Lockheed ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn láti ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun kan, RB211, fún ọkọ̀ òfurufú TriStar. Wọ́n ti dá iye owó tí wọ́n máa tà á, bí iṣẹ́ bá sì wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ni wọ́n máa ru ú. Wọ́n fẹ́ lo abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù ṣe, torí pé ó fúyẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dán irú rẹ̀ wò ni pé wọ́n máa ń yin òkú adìẹ lù ú, torí ẹyẹ máa ń kó sínú ẹ́ńjìnnì lójú òfurufú. Adìẹ kan abẹ̀bẹ̀ náà, ó sì fọ́ yángá. Wọ́n ní láti padà sórí irin táítáníọ̀mù. Owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ, iye tí wọ́n dá kò yí padà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1971, Rolls-Royce kéde pé òun kò lè san gbèsè òun. Mo ti gbìyànjú láti fojú inú wo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ létí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ yin ohunkóhun, ìbáà ṣe ìkòkò ìdáná, wọn a ní Rolls-Royce láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìjọba Edward Heath, tó ti sọ pé òun kò ní ná owó ìlú láti gba kọ́ńpánì tó ń kú là, gba apá ẹ́ńjìnnì òfurufú sọ́wọ́ ìjọba, nítorí ológun nílò rẹ̀. Wọ́n bẹ Stanley Hooker, onímọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó padà wá, RB211 sì di ẹ́ńjìnnì gidi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Apá ọkọ̀ ilẹ̀, tí kò jẹ gbèsè náà rárá, ni wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n sì tà á fún aráàlú ní 1973. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù, orúkọ kù sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ òfurufú.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Àwọn tó da ilé rú ni orúkọ ilé kù sí lọ́wọ́. Àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ sí Crewe, tí wọ́n ń kun ọkọ̀, tí wọ́n ń dán pákó, tí ọkọ̀ wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ni wọ́n di ẹni tó ń tọrọ orúkọ ara wọn lò. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó sì ń dùn mí síbẹ̀.

Ọmọ olówó, ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò sinmi lórí ẹsẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Henry Royce jẹ́ ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà. Ó tajà ìwé ìròyìn, ó gbé tẹligíráàmù kiri, ó kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, owó tán, kò lè parí rẹ̀. Ó ra ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, Decauville ni wọ́n ń pè é. Ó wò ó pé wọn kò ṣe é dáadáa tó, ló bá ṣe tirẹ̀. Charles Rolls ní tirẹ̀, ọmọ ìjòyè ni, Cambridge ló lọ, ọkọ̀ ló ń tà fún àwọn olówó ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù Karùn-ún 1904 ni wọ́n pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì Midland ní Manchester. Wọ́n fi àdéhùn síbẹ̀ pé Royce yóò máa ṣe é, Rolls yóò máa tà á. Orúkọ ẹni tó ń tà á ló ṣíwájú.

Rolls kú ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1910, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ já lulẹ̀ ní Bournemouth. Ẹni ọdún 32 ni. Ó ku ọdún mẹ́tàlélógún tí Royce yóò fi ṣiṣẹ́ lórí orúkọ àwọn méjèèjì kí òun náà tó kú ní 1933. Nítorí náà, láti 1910 ni iṣẹ́ yìí ti ń jẹ́ orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ kò bà jẹ́, torí ẹni tó ń ṣe é kò sinmi.

Rolls-Royce pàápàá ti ra orúkọ láìra ọwọ́ rí. Ní 1931, Bentley wọ gbèsè. Napier, ilé iṣẹ́ mìíràn, fẹ́ rà á, ọ̀rọ̀ sì ti fẹ́ bá a dé ilé, àfi bí ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé owó tó ju tiwọn lọ kalẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayé tó mọ̀ pé Rolls-Royce ló fi aṣojú bojú. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ Bentley tó wà ní Cricklewood pa. W.O. Bentley tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ di òṣìṣẹ́ lábẹ́ wọn, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Lagonda ní 1935. Orúkọ bàbá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bentley kò ju Rolls-Royce tí wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀ lọ.

Orúkọ tí wọ́n mú lẹ́rú yìí ló wá jókòó sílé Crewe ní 2003, nígbà tí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ kó jáde.

Àwọn tó kù sílé

Ìdí tí n kò fi gbà pé wọ́n rẹ́ Volkswagen jẹ rèé. Nígbà tí Arnage jáde ní 1998, ẹ́ńjìnnì BMW ló wà nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Crewe gbé ẹ́ńjìnnì tiwọn padà, V8 ńlá tí ìdílé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1959. Wọ́n ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tò ó títí di 2020, nígbà tí Mulsanne, ọkọ̀ Bentley tó lò ó kẹ́yìn, kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí iye rẹ̀ lé ní 36,000 ló ti jáde nígbà náà. Ẹni tó ra Crewe ló ra ìmọ̀ yẹn. Kò sí nínú orúkọ.

Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth pé àádọ́ta ọdún lórí ìtẹ́ ní 2002, Bentley tí wọ́n ṣe ní Crewe ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó sì ń gùn ún lọ síbi ayẹyẹ ìjọba. Láti 1950, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, tí wọ́n ṣe Phantom IV fún un, Rolls-Royce ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ní 2003, Bentley gba ìdíje eré ọkọ̀ Le Mans. Ọdún yẹn kan náà ni Continental GT, ọkọ̀ Bentley tuntun, jáde. Ní 2007, Crewe ta ọkọ̀ 10,014, iye tí ilé náà kò tà lọ́dún kan rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ńkọ́? BMW mú un lọ sí Goodwood ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí ilẹ̀ ìjòyè kan tó ń jẹ́ Earl of March nígbà yẹn, wọ́n sì kó òṣìṣẹ́ tuntun jọ. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ péré láti dá ọkọ̀ kan sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe egungun ọkọ̀ náà àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Goodwood ni wọ́n ti ń kùn ún, tí wọ́n ń tò ó, tí wọ́n ń fi awọ àti pákó sí i. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ tí 2003 wọlé, wọ́n fún oníbàárà àkọ́kọ́ ní kọ́kọ́rọ́ Phantom. Ọkọ̀ náà dára. Mo ti rí i ní Ìkòyí, mo sì dúró wò ó títí ó fi kọjá. BMW mọ̀ pé bí ọkọ̀ náà kò bá tó orúkọ, ẹ̀tẹ́ orúkọ ni yóò jẹ́, wọ́n sì náwó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọn kò kàn lẹ orúkọ náà mọ́ ọkọ̀ BMW tó ti wà nílẹ̀.

Orúkọ tó ń bèèrè iṣẹ́

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ìdílé onílù wa, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ a máa jẹ́ Àyàn-kan-tàbí-òmíràn: Àyánwálé, Àyándélé, Àyántúndé. Ọmọ náà kò tíì mọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n orúkọ ti wà lọ́rùn rẹ̀, wọn a sì fi kànnàngó há a lápá nígbà tó bá lè rìn, kí ó lè máa san gbèsè orúkọ náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ń kọ́ ọ wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ àti ọwọ́ kò ya ara wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1998 ni pé òfin ilẹ̀ òyìnbó ní agbára láti ya méjèèjì, kó fi iye owó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì tà wọ́n fún ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwa náà ń lọ. À ń rí i lójú wa. Bàbá kan á lu irin, á rán aṣọ, á ṣe búrẹ́dì tí gbogbo àdúgbò mọ̀, yóò sì kú. Àwọn ọmọ á jà sí orúkọ tó wà lójú pátákó, wọ́n á gbé e lọ sí kóòtù, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun láti ogún ọdún á sì gba owó oṣù tó kẹ́yìn, á máa lọ sílé rẹ̀. Kò sí ẹni tó jà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ jogún bàbá yẹn ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ni ì bá kọ́kọ́ lọ.

N kò sọ pé orúkọ kò níye lórí. Goodwood ta ọkọ̀ 6,021 ní 2022, ní iye tó jẹ́ pé owó kan nínú wọn lè kọ́ ilé mélòó kan, orúkọ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó rà á ń rà. Crewe ta 15,174 ní ọdún kan náà. Àwọn méjèèjì ń jẹun yó. Ṣùgbọ́n BMW ní láti kọ́ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí orúkọ tó gbà á láyè. Crewe kò nílò ju pé kí wọ́n gbé orúkọ tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bọ́ síta. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, mo mọ èyí tí mo máa mú.

Mo kíyè sí ohun kan tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà sọ. Bernd Pischetsrieder ló ń darí BMW nígbà tí wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ Derby. Ó kúrò ní BMW ní 1999, ó sì lọ sí Volkswagen. Ní oṣù Kẹrin 2002, òun ló gba ipò Piëch. Crewe tí ó pàdánù fún Piëch wá bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òun ló wà lórí àga nígbà tí Rolls-Royce tó kẹ́yìn jáde ní Crewe lọ́dún náà, òun náà ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí Continental GT bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e.